Wọ́n Ní Ó Wà ní Kíláàsì

Ìwé orúkọ dé ọwọ́ Adúmáadán láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní yunifásítì aládàáni tó ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ìwé á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kálukú á fọwọ́ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní í ṣèdánwò. Adúmáadán fọwọ́ sí tirẹ̀. Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó tún fọwọ́ sí ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti yọ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú láìgbàṣẹ, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹnìkan ní ìlú kejì. "Ọjọ́ méjì péré, ọ̀rẹ́ mi. Ṣáà máa bá mi fọwọ́ sí i. Ṣé o ò ní í dójú tì mí?" Ta ni yóò kọ irú ẹ̀ fọ́rẹ̀ẹ́?

Ọjọ́ méjì di mẹ́ta. Fóònù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lọ mọ́. Adúmáadán ní ìgbádùn ló pọ̀ lápọ̀jù, ó ń fọwọ́ sí i nìṣó.

Lọ́jọ́bọ̀, Adúmáadán pẹ́ dé. Nígbà tí ìwé kàn án, wọ́n ti fọwọ́ sí orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti dé nìyẹn! Inú rẹ̀ dùn, ó wẹ̀yìn. Àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣófo.

"Jọ̀ọ́, o rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?" ló bi ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀.

"Ṣebí ó wà ńbí," lọmọbìnrin náà fèsì láìbojú wẹ̀yìn. "Àná pàápàá, mo rí i."

Orí Adúmáadán wú. Àná kẹ̀? Òun fúnra òun kọ́ ló fọwọ́ sí tàná ni? Ó sáré padà sí yàrá wọn. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní títẹ́ bó ṣe fi í sílẹ̀. Adúmáadán pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn ara rẹ̀ dẹ́rù bà á, ó sì jáde síta.

Lọ́sàn-án, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì alábòójútó ilé àwọn obìnrin. Ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló bá níbẹ̀.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni alábòójútó ń wí, ó ń fìka tọ́ ìwé orúkọ. "Láàárọ̀ yìí gan-an ló fọwọ́ síwèé. Ọlọ́pàá kì í wá ẹni tí kò sọnù."

"Ọmọ mi, ṣóòótọ́ ni?" ìyá náà di ọwọ́ Adúmáadán mú. "Àtọjọ́ Àìkú ni mi ò ti gbóhùn rẹ̀."

Ọdún ìkẹyìn Adúmáadán nìyí. Bó bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lé e. "Ẹ̀n, mà" ti dé ẹnu rẹ̀. Àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé náà: ìlà mẹ́rin, mẹ́ta látọwọ́ òun, ọ̀kan látọwọ́ ẹni tí òun kò mọ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Mà, kò sí o! Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i. Tòní nìkan... Ọlọ́run ló mọ ẹni tó fọwọ́ sí tòní."

Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ní kíláàsì ni; nígbà tí wọ́n pè é, ó jẹ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti bẹ òun náà, kò sì mọ̀ pé Adúmáadán gbọ́ sí i. Ó kàn purọ́ láti fi bo àṣírí ni. Àwọn méjèèjì ń bo ẹnìkan náà, wọ́n wá ń tan ara wọn jẹ.

Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́; kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rí i. Ọkọ̀ tó wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú ló dojú dé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ló wà, kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ "Obìnrin tí a kò mọ̀" sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Dókítà mi orí. "Ká ní ẹbí rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, ká gbé e lọ síbi tó tóbi, a kì bá ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n dá Adúmáadán dúró fún ọdún kan. Ìyẹn ò dùn ún tó ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nígbà tó tún lè sọ̀rọ̀.

"Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wá mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ tá a fi ń bo ọ̀rẹ́ lè di ilẹ̀kùn tá a tì mọ́ ọn lórí. Bí ọ̀rẹ́ yín kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí, kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lè wá a.