Ìlú Tí A Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Díkìnì Dáramọ́lá fọ́ òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ìlú kan sí, ó tẹ́ àfọ́kù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì dúró lórí pẹpẹ, ó ní kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí. Ohun tó ṣe nìyẹn. Mo tètè sọ ọ́ nítorí àwọn kan ti ń pè é ní àṣìṣe. Àṣìṣe kọ́. Díkìnì mọ̀wé, ó sì ti ka òkúta náà kó tó gbé òòlù.

Brannock ni orúkọ ìlú náà. Ó wà ní gúúsù Atlanta, tí èèyàn bá ti kọjá Union City, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí ti pọ̀ ju ilé èèyàn lọ báyìí. Àwọn tó ń sun bíríkì ló tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n ní olórí tiwọn, ilé ìwé tiwọn, àti pósófíìsì. Ìlú ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò bá wọn jagun. Páìpù omi ló nà sí wọn. Ó ní kí wọ́n wá sábẹ́ òun, òun yóò fún wọn lómi tó mọ́. Wọ́n dìbò, wọ́n gbà. Omi dé lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti pósófíìsì pa, wọ́n yí orúkọ òpópónà padà, wọ́n sì hú pátákó tó wà ní àbáwọlé ìlú. Nígbà tí àwọn àgbà ibẹ̀ rí i pé orúkọ náà fẹ́ run, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta, wọ́n rì í síwájú gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju èyí lọ: Brannock. A gbé níbí.

Gbọ̀ngàn ìpàdé yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì wa rà.

Mister John, bàbá arúgbó kan tó ṣẹ́kù sí òpópónà náà, a máa fi òdòdó sídìí òkúta yẹn, a sì máa tan àbẹ́là kékeré kan síbẹ̀ fún ìrántí ìyàwó rẹ̀. Àwa tí a dàgbà sórí òkè àdúrà, ọkàn wa kì í pẹ́ fò sókè. Òkúta, òdòdó, àbẹ́là: kí ló tún kù? Díkìnì kéde pé ojúbọ ni.

"Májẹ̀mú ilẹ̀ yìí nìyí!" ló ní. "Òun ni kò jẹ́ kí parking lot wa kún."

Mister John wá bẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fìlà lórí, ó ní ìlú òun ni, kì í ṣe òrìṣà. Díkìnì bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí wa, ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kí bàbá náà má baà gbọ́.

"Ẹ gbọ́ o. Warehouse ni bàbá yìí ń pè nílùú."

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó ti fi àfọ́kù òkúta náà ṣe àtẹ̀wọlé. Ó ní kí gbogbo ìjọ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń wọlé. Ó gun pẹpẹ lọ, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé inú igbó ni Ọlọ́run ti yọ ilé yìí fún wa, pé kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ ṣáájú wa. A ṣe àmín. Mister John wà lẹ́yìn ilé, ó gbọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, àlejò tó bá kọ́kọ́ wá máa ń dìde láti sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú baba rẹ̀, àwa a sì hó yèè. Lọ́jọ́ náà, Ọládipọ̀ dìde, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé.

"Orúkọ mi ni Ọládipọ̀. Ọmọ ìlú..."

Ètè rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde.

"Jet lag ni!" Aunty Bridget pariwo láti ibi tí àwọn akọrin jókòó sí. "Ẹ fún un ní jollof kó tó gbàgbé orúkọ ìyá ẹ̀ náà."

A rẹ́rìn-ín. Ọládipọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó rọra jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ọ̀nà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Inú òtútù la wà, yìnyín wà lórí ọkọ̀, síbẹ̀ ooru ń gba abẹ́ bàtà wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Òórùn rẹ̀ dà bí ti amọ̀ tí iná ń jẹ. Pásítọ̀ Oyèníran pe àwọn tó ń tún heater ṣe. Wọ́n ní kò sí páìpù kankan lábẹ́ ibẹ̀.

Ìyá Díkìnì, Màmá Sìlífátù, ni èmi ń tọ́jú. Bí mo bá ti kúrò ní shift òwúrọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń lọ. Ọkàn Màmá ti rẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wa pé kò lè pẹ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí a gbé wọn lọ sin sí ìlú wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ki Praise, ọmọ ọmọ wọn, kó tó lọ sí school. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn lórí àga, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

"Tóyìn, ẹnu mi ṣófo."

"Ṣé kí n bu omi wá, Màmá?"

"Kì í ṣe omi. Mo ń ki ọmọ láàárọ̀, mo dé ibi tí orúkọ ìlú wa wà, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀." Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. "Ìlú ńlá ti gbé wa mì nílé, wọ́n ní àdúgbò ni wá báyìí. Ẹnu mi nìkan ló kù tí ìlú náà ń gbé. Bí n kò bá lè pè é, ibo lẹ fẹ́ gbé mi lọ?"

Díkìnì wọlé, ó gbọ́. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí èmi mọ ilé." Ó la ẹnu láti pè é. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Kò sí ohùn. Òórùn amọ̀ sísun bo gbogbo yàrá.

Èmi mọ Díkìnì tipẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìlú rẹ̀, Lagos ló máa ń dáhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà nílé lórí fóònù. Bàbá náà sọ orúkọ ìlú, ó tún un sọ, ó fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tí àwa ń gbọ́ ni ariwo iná nínú ilé ìsunbíríkì.

Díkìnì lọ hú àfọ́kù òkúta náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó dá a padà sáàyè rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà. Màmá kò jẹun mọ́. Díkìnì wá ní kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ Mister John. Bàbá náà fún wa ní tíì.

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ló ní. "Ṣùgbọ́n ojú àwùjọ lo ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ."

"Ta ló gbọ́ mi?" Díkìnì bi í.

Mister John wo ìhà ibi tí gbọ̀ngàn náà wà. Ó dé fìlà rẹ̀.

Ní Sunday, mo ti Màmá wọlé nínú wheelchair. A ti fi okùn dí ìlà ìjókòó mẹ́ta tó wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí òrùlé ń jò níbẹ̀. Díkìnì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Pásítọ̀.

"Mo parọ́ lórí pẹpẹ yìí," ló ní. "Mo ka òkúta náà. Mo mọ̀ pé ìlú ni."

Lẹ́yìn wa, nínú ìjókòó tí a fi okùn dí, igi àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tó yíjú kò rí ẹnì kankan. Mister John, tó bá wa wá lọ́jọ́ náà, nìkan ló mi orí, bí ẹni tó ń kí aládùúgbò.

"Ìlú tèmi náà ti di àdúgbò," Díkìnì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ojú ń tì mí láti pè é. N kò fẹ́ kí òkúta ẹlòmíràn máa rán mi létí. Ìdí tí mo fi fọ́ ọ nìyẹn."

Màmá gbé orí sókè. Ohùn wọn kéré, ṣùgbọ́n ó dé ibi gbogbo.

"Ọmọ Ìdó-Ọ̀pẹ. Ọmọ ọ̀pẹ tó so létí omi, tí àjèjì kò gbọdọ̀ ká. Ìdó-Ọ̀pẹ ni kí ẹ gbé mi lọ."

Ọládipọ̀ náà kígbe orúkọ ìlú tirẹ̀ láti ìdí fèrèsé, ẹkún gba ẹnu rẹ̀. Díkìnì yíjú sí ìyá rẹ̀, ó la ẹnu láti dáhùn. Ètè rẹ̀ pe Ìdó-Ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é. A kò gbọ́ nǹkan kan. Ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́yìn wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ohùn rẹ̀ sì padà.

"Ẹ̀yin ará Brannock, ẹ gbé níbí. Èmi ni mo ní ẹ kò gbé níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."