Ẹni Tó Wá Tọrọ Èèpo Èkùrọ́

Sákínátù ń pa èkùrọ́ lọ́wọ́ nínú àgbàlá wọn ní Broukro, àdúgbò kan nílùú Bouaké ní Côte d'Ivoire, nígbà tí ọkùnrin kan kí i láti ẹnu ọ̀nà. Èdè Júlà tí wọ́n ń sọ lọ́jà ibẹ̀ ló fi kí i. Ìgbà tó gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ó sì tún ìkíni náà kí ní Yorùbá.

Hàmídù lorúkọ rẹ̀. Àdúgbò Belleville nílùú náà ni wọ́n bí i sí, ìdí iná ìléru ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin kan ní Zone industrielle, àgbègbè tí àwọn iléeṣẹ́ wà. Ó ní òkìtì èèpo èkùrọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn lòún wá tọrọ.

Màríàm, ìyá Sákínátù, tó ń ṣe àdín tà, bi í pé kí ló fẹ́ fi pàǹtí ṣe. Hàmídù fara balẹ̀ ṣàlàyé. Irin tí wọ́n ń kó wá fún wọn kúná bí ẹlùbọ́. Bí wọ́n bá dà á sínú iná ìléru bẹ́ẹ̀, yóò dí atẹ́gùn. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ pò ó mọ́ èédú lílọ̀, kí wọ́n sun ún títí yóò fi lẹ̀ pọ̀ di ògúlùtu. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé iye owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí méjì, apá ọ̀gá wọn ò ká èédú òkè òkun mọ́. Bí wọn ò bá rí nǹkan mìíràn dáná, iléeṣẹ́ náà máa tì.

Wọ́n fún un ní èèpo. Kò pẹ́ tó fi padà wá, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Èèpo náà yára jó jù, ògúlùtu sì ń fọ́ lọ́wọ́. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti wá rò ó pé àfi kí àwọn kọ́kọ́ sọ èèpo náà di èédú. Màríàm gbà kó gbẹ́ kòtò tí yóò ti máa sun ún sẹ́yìn ilé.

Ẹ̀bá kòtò yẹn ni ìfẹ́ ti wọlé. Sákínátù a máa bá a bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, èéfín a máa ta wọ́n lójú, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nígbà tí ògúlùtu le dáadáa níkẹyìn, òun ni Hàmídù kọ́kọ́ wá sọ fún. Láti ìgbà náà ni Sákínátù ti ń bá iléeṣẹ́ náà kó èèpo jọ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Bàúlé àti Yorùbá tó ń ṣe àdín. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè sọ lọ.

Àmọ́ Yísà, bàbá rẹ̀, ti pinnu pé àwọn ń lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Nàìjíríà. Ó ti rí irú rẹ̀ rí: ní 1969, wọ́n lé wọn kúrò ní Kùmásí ní Gánà, ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní báyìí, lórí rédíò àti lọ́jà Bouaké, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, ló kù tí wọ́n ń sọ. Aládùúgbò tó ti bá a jẹun rí ló pè é ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, tó ní kó máa palẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí Hàmídù wá tọrọ ọmọ, ó ní òun ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọmọ òun sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lé àwọn.

Ó sọ fún Hàmídù pé, “Bá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá ti débẹ̀, màá so yín pọ̀.”

“Baba, ẹ dákun,” ni Hàmídù wí. “Iná tí mo mọ̀ ọ́n dá, ibí ló wà. Bí mo bá tẹ̀ lé yín, ọwọ́ yín ni màá máa wò jẹun. Ẹ ò ní fẹ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀ fún un.”

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún Sákínátù pé òun ò ní bá bàbá rẹ̀ jà. “Ààyò mi, bí o bá fẹ́ bá wọn lọ, èmi ni màá gbé ẹrù rẹ dé gáréèjì.” Ó dun Sákínátù dé ọkàn.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Sákínátù lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, mi ò ní sá lọ. Bí ẹ bá ní kí n dìde, màá dìde. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé ilé là ń lọ. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

Màríàm ló sọ̀rọ̀, láì gbé ohùn sókè.

“Bàbá Sákínátù, nígbà tí wọ́n lé wa ní Kùmásí, bàbá mi ní kí n bá òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ni mo tẹ̀ lé wá síbí. Ẹ ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà náà.”

Yísà ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Hàmídù, pé òun gbà kí wọ́n so wọ́n pọ̀ níbí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Inú gbogbo ènìyàn dùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sunkún, nítorí ẹrù àwọn òbí ti wà ní dídì.

Ní gáréèjì, Yísà fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ Hàmídù. “Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ lọ́jọ́ kan, má jẹ́ kó ṣáájú rẹ, má sì jẹ́ kó kẹ́yìn. Ẹ jọ rìn ni.”

Sákínátù dúró títí ọkọ̀ náà fi yà lójú títì. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní kí ọkọ òun jẹ́ káwọn máa lọ sílé. Wọ́n sì gba ọ̀nà Belleville.