Ojú Bámikẹ́ àti Oòrùn Ajangbadi

Òṣùpá ni gbogbo ará àdúgbò mọ Bámikẹ́ mọ́ ní Ajangbadi. Bó bá ti yọ nírọ̀lẹ́, obìnrin náà á gbé awò gígùn tó rà ní Ọjà Àlàbá síta, èyí tó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ni, á gbé fóònù lé e, á sì ya fọ́tò. Àwọn aládùúgbò á tò láti wò ó.

Nígbà tí wọ́n kéde lórí rédíò pé òṣùpá máa bo díẹ̀ lára oòrùn, ó pè wọ́n pé kí wọ́n wá wò ó. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ní kí òun dán an wò. Ó gé fíìmù ẹ́síréè àtijọ́ kan, ó fi bo ibi tí wọ́n ń gbójú sí lára awò náà, ó wo oòrùn. Ojú kò dùn ún rárá.

Nígbà tó jí láàárọ̀, ó wo Àbáyọ̀mí, ọkọ rẹ̀, kò rí imú rẹ̀. Ó rí etí, ó rí irun, ṣùgbọ́n àárín ojú náà ṣókùnkùn. Ẹ̀rù bà á, ó sọ fún un. Àbáyọ̀mí fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan ní Iba, Dókítà Ṣọlágbadé.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì bá a wí.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀," ó ní. "Inú ẹyinjú lọ́hùn-ún kì í mọ ìrora. Awò yẹn ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sójú kan, fíìmù ẹ́síréè kò sì lè dá ìtànṣán tí ń jó ojú dúró."

Bámikẹ́ béèrè bóyá ojú òun máa padà. Dókítà ní ó lè padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má padà tán. Bámikẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló rántí.

"Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí," ó ní. "Èmi ni mo pè wọ́n."

Dókítà wá kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n lè ṣe.

Màmá Mùsítúrà, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ dé lọ́sàn-án. Inú ìyá náà kò dùn pé awò kò sí níta. Bámikẹ́ sọ ohun tó ṣe é fún gbogbo àwọn tó wá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sí páálí, ó ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà bọ́ sórí bébà funfun: oòrùn kékeré kan, bíi bisikíìtì tí wọ́n ti gé jẹ létí. Màmá Mùsítúrà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba bébà náà mú.

Ní báyìí, ojú Bámikẹ́ ti sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ààmì dúdú kékeré kan kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Iba àti Okokomaiko, ẹ wo òṣùpá bó ṣe wù yín, kì í ba ojú jẹ́. Oòrùn yàtọ̀. Ẹ má fi ojú lásán, dígí dúdú tàbí fíìmù ẹ́síréè wò ó. Bí ẹ bá ní awò, ìbòrí tí wọ́n dìídì ṣe fún oòrùn nìkan ni kí ẹ lò, iwájú awò tó kọjú sí oòrùn ni kí ẹ sì fi í sí. Bí ojú yín bá ṣókùnkùn lẹ́yìn tí ẹ wo oòrùn, ẹ má kán oògùn kankan sí i, ilé ìwòsàn ojú ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.