Oògùn tí Ojúọlá Ṣẹ́ Kù

"Ojúọlá! O ò ní ṣẹ́ díẹ̀ kù fún Titus àbúrò rẹ ni? Ṣé ikùn nìyẹn àbí àgbá?"

Ìyá àgbà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Òkukù. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n dìde gba àwo, àpótí ìjókòó lẹ̀ mọ́ wọn nídìí, ó bá wọn dìde. Ni Ìyá àgbà bá fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ìdí ọmọge àtijọ́! Àpótí gan-an ò fẹ́ fi í sílẹ̀!"

Nínú ilé yẹn, ẹ̀gbọ́n kì í jẹun tán. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àbúrò. Ẹni tó bá lá àwo mọ́, wọ̀bìà ni.

Ọdún kejì òmìnira ni òtútù àyà dá Ojúọlá wólẹ̀. Èémí rẹ̀ ń dún fín-ín fín-ín. Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ ní Ìkìrun fún un ní oògùn oníhóró, ó sì fa etí rẹ̀ pé, "Kódà bí ara bá yá, lò ó tán o!"

Ara yá. Oògùn náà sì korò. Ojúọlá rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó da ìyókù sínú agolo ìpara.

"Mo ṣẹ́ ẹ kù fún Titus, Ìyá àgbà."

"Ọmọ mi àtàtà! Ọmọ tó mọ ẹ̀gbọ́n-ọ́n ṣe!"

Oríyìn náà dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ikọ́ kékeré kan kù sí i láyà, bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orí ẹní kan náà ni òun àti Titus jọ ń sùn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ náà jáde síta. Titus ló mú, ibà sì tẹ̀ lé e. Ojúọlá sáré ṣí agolo, ó fún un ní oògùn náà lò. Ara ọmọ náà tutù díẹ̀, Ìyá àgbà ti ń jó. Oògùn tán nínú agolo, ibà náà sì padà dé, ó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n gbé e wọ rélùwéè lọ sí Ìkìrun. Nígbà tí wọ́n fi kọjá Ìnísà, Titus ò lè dáhùn mọ́ bí wọ́n bá pè é.

Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́. Ó tún gún un. Àyà ọmọ náà ń lọ sókè sódò, abẹ́rẹ́ ò ràn án.

"Kí lẹ ti fún un nílé?"

Ojúọlá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ agolo náà. Nọ́ọ̀sì mi orí.

"Àwọn kòkòrò àrùn tí ò lágbára ni oògùn rẹ pa. Àwọn tó le jù lo ṣẹ́ kù, àwọn ló wá pọ̀ sí i láyà rẹ, tí wọ́n ran àbúrò rẹ. Oògùn yìí ò ká wọn mọ́."

Òkú Titus ni wọ́n gbé padà sí Òkukù.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, Ojúọlá jẹ ẹ̀wà, ó gbàgbé, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù sétí àwo. Kò sẹ́ni tó wá gbé e. Ìyá àgbà wo àwo náà. Ni ikọ́ kan bá já lẹ́nu wọn. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ojúọlá dìde fùú.

"Ìyá àgbà, ẹ múra, Ìkìrun yá. Oúnjẹ la lè ṣẹ́ kù fún àbúrò, a kì í ṣẹ́ oògùn kù. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá fún yín lẹ máa lò tán, ojú mi ló sì máa ṣe."

Ìyá àgbà fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.