Ojú Tó Wà ní Àjà Kẹrìnlá

Ìgbà tí Fintan kọ́kọ́ rí Tekla, orí ọ̀pá irin ló dúró sí ní àjà kẹjọ, garawa lọ́wọ́. Obìnrin náà wà nísàlẹ̀, ó ń tú òdòdó alámọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ara ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kúrò nínú koríko gbígbẹ bí ẹni ń tú ọmọ tuntun kúrò nínú ìbora. Iṣẹ́ Fintan ni kó máa fi garawa gba ìṣó gbígbóná pípọ́n, èyí tí wọ́n fi ń so irin pọ̀, tí wọ́n bá jù sí i láti ìdí iná. Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó já wálẹ̀, ó kó sínú koríko, èéfín sọ.

Kí Fintan tó sáré dé ìsàlẹ̀, Tekla ti fi bàtà tẹ iná náà pa.

"Ṣé o fẹ́ dáná sun mí ni?"

"Rárá o, ọmọge. Ẹwà rẹ ló fà á."

"Ẹwà mi ló ń ju ìṣó?" Ó rẹ́rìn-ín. "Padà sókè, jàre. Tí irin yín ò bá dúró, ibo ni mo fẹ́ fi òdòdó mi kọ́ sí?"

Ṣikágò ayé ìgbà yẹn! Ògiri kì í gbé ilé ró mọ́. Irin ló ń gbé e, ògiri kàn so mọ́ ọn lára bí aṣọ ni. Tekla a máa ní, "Ìwọ gbé ẹrù, èmi á wọ ilẹ̀kẹ̀ fún un." Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á jókòó létí adágún, wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀, Tekla á sì máa pè é ní "Eléjí mi" nítorí àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ludlow, ayàwòrán ilé, nìkan ni kì í jẹ́ kí Fintan sùn. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró lẹ́yìn Tekla níbi iṣẹ́ amọ̀.

"Kí ló ń bá ọ sọ?"

"Bí ewé ṣe máa yí."

"Ewé nìkan?"

"Ewé nìkan, ọ̀gá òjòwú."

Nígbà tó yá, wọ́n fa ojú ènìyàn kan tí Tekla fi amọ̀ mọ dé àjà kẹrìnlá, wọ́n so ó mọ́ irin. Mulkern àgbà, tó ń dáná ìṣó, bú sẹ́rìn-ín.

"Fintan, wá wo ọkùnrin yìí! Iwájú orí gbọọrọ, ẹnu dídì pa. Ta ló jọ?"

Fintan wò ó. Ludlow ni.

"Wọ́n ti gba ọmọge rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọmọ mi."

Inú Fintan gbóná ju ìṣó lọ. Ó gbé òòlù sókè. Àmọ́ ọwọ́ Tekla ló mọ ọ́n. Kò lè fọ́ ọ. Ó ju òòlù nù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá Tekla ní títì.

"Mò ń lọ sí Pittsburgh. Kí ìwọ àti Ludlow rẹ máa gbádùn."

"Ludlow wo?"

"Èyí tó o gbé sókè! Mo ti rí i."

"Ibo lo dúró sí?"

"Iwájú rẹ̀ gan-an. Imú sí imú."

"Ta ló máa dúró níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tú pákó tẹ́ ẹ ń dúró lé tán? Ẹyẹlé?" Ẹ̀rín àti omijé dà pọ̀ lójú rẹ̀. "Ẹni tó wà ní títì la mọ ọ́n fún, Fintan. Tí a ò bá fa iwájú orí gùn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò ní rí i rárá. O ti kọ́ ilé káàkiri ìlú yìí, o ò sì wo ọ̀kan láti ilẹ̀ rí. Gbójú sókè."

Fintan gbójú sókè títí fìlà fi ré bọ́ lórí rẹ̀. Iwájú orí náà ti sún kì. Lábẹ́ ètè òkè tó yọ síta, eyín tí kò rí lókè hàn, àlàfo sì wà láàárín wọn.

"Ojú ta ni?" Tekla bi í.

Fintan fọwọ́ kan eyín ara rẹ̀. "Tèmi."

"Ludlow ní ojú oníṣẹ́ irin ò yẹ ilé olówó. Mo ní kó wá ẹlòmíì tó máa mọ ojú tirẹ̀ fún un."

"Tekla, díẹ̀ ló kù kí n fi òòlù fọ́ ọ."

"Kò yà mí lẹ́nu."

"Fẹ́ mi."

"Ṣé wàá máa sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó dáadáa kó o tó bínú?"

"Màá máa sọ̀ kalẹ̀."

Tekla he fìlà náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dé e sórí ara rẹ̀. Kò ṣí i títí wọ́n fi dé iwájú bàbá Tekla, níbi tí Fintan ti fẹ́ tọrọ rẹ̀ níyàwó.