Àmù Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Gánà

"Ràlíátù! Àmù ìta ti gbẹ o!"

Ràlíátù dìde, ó ń kùn bí oyin. Láràárọ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀, tó ń pè ní Màmá, máa ń ní kí ó pọnmi kún àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn nítòsí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ará ilé kọ́ ló ń mu ún. Àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti òkè Ọya ló ń mu ún. Màmá á jókòó tì wọ́n, á máa fi èdè Hausa bá wọn ṣàwàdà. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀rẹ́ Ràlíátù fi máa ń pariwo pé, "Ìyá Gánà tún ti gbàlejò!" Ojú a sì máa tì í.

"Màmá, kí ló dé tó jẹ́ pé ilé wa ni gbogbo wọn ti ń mumi?"

"Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, mo ní iṣẹ́ iléèwé."

Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́. Ràlíátù ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi ìdíje ìtàn sísọ ní ìlú Ọ̀yọ́. Ìdí tí ẹbí wọn àtijọ́ fi ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àti ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀, ni kí oníkálukú wá sọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè, Ràlíátù sì fẹ́ ẹ lójú méjèèjì.

Tíṣà Akínpẹ̀lú ti sọ fún un pé, "Gánà, tó wà níwọ̀-oòrùn wa, ni wọ́n bí ìyá rẹ àgbà sí. Lọ bi wọ́n léèrè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Ṣùgbọ́n ìtàn Màmá a máa gùn. Ràlíátù gbé fóònù, ó tẹ ìbéèrè náà sí i. Kíá ni fóònù tú ìtàn àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn jáde. Ó yọ orúkọ òyìnbó kúrò, ó fi ti Àlàmú, bàbá Màmá, rọ́pò. Àwọn nǹkan yòókù ni kò yọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, Màmá lóun yóò bá wọn lọ sí Ọ̀yọ́. "Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá mi láàárín èrò," ló wí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún Ràlíátù.

Ó gun orí pèpéle. "Nígbà tí Àlàmú fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lọ sí Gánà, ó di ẹrù rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, òtútù sì pa àwọn màlúù náà..."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ràlíátù kò tilẹ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá àgbà kan nínú àwọn adájọ́ nawọ́ sókè.

"Ọmọ mi, èmi náà gbé Gánà rí. Oòrùn ibẹ̀ ò kéré o. Yìnyín wo lò ń sọ? Ìlú wo ni Àlàmú tiẹ̀ kọ́kọ́ dé sí?"

Ràlíátù yíjú sí àárín èrò. Ó wo Màmá. Màmá mọ ìdáhùn náà bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n ńṣe ló tẹrí ba. Ẹ̀rín tí èrò ń rín kò dun Ràlíátù tó bí orí tí Màmá tẹ̀ ba yẹn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló gba ẹ̀bùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó pè é, Ràlíátù ti pọnmi kún àmù. Ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi."

Màmá ní kí ó jókòó. "Ó dùn mí o, Ràlíátù. Bàbá mi ò rí kẹ̀kẹ́ màlúù rí. Òjò ló kọ̀ lọ́dún náà, iṣu ò ta, aṣọ òfì tó hun ò sì rí ẹni rà á. Ló bá di aṣọ rù, ó wọkọ̀ lọ sí Gánà. Nígbà tó máa fi dé Tàmálè, ibà ti dá a gúnlẹ̀. Kò mọ ẹnì kan, kò sì gbọ́ èdè wọn. Obìnrin ará ibẹ̀ kan ló bu omi fún un, kò tiẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ló fi yè tó fi kiri ọjà, tó kọ́lé, tó bí wa. Àdúgbò àwọn àlejò la gbé, èdè Hausa la sì fi ń bára wa sọ̀rọ̀."

"Kí ló wá gbé yín wálé?"

"Mo tó ọ báyìí nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò máa lọ. A fi ilé sílẹ̀. A fi sàréè ìyá mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń wọkọ̀, ọmọ obìnrin tó bu omi fún bàbá mi ló gbé omi wá bá wa. Ó ń sunkún, àwa náà ń sunkún."

Omijé bọ́ lójú Ràlíátù. Lásìkò náà gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé àpò kọ́ èjìká dúró níwájú ilé, ó ń wòtún wòsì. Ràlíátù mú ife, ó bu omi, ó gbé e fún un.

"Sànnú," ló fi kí i lédè Hausa.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá lọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Gánà kékeré!"

"Èmi ni," Ràlíátù dáhùn. Ojú kò tì í mọ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, irọ́ ló sì gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù mọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó bu omi fún baba ńlá yín. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè dáhùn.