Ààyè Tó Wà Lẹ́bàá Ẹnu-Ọ̀nà

"Mú ọ̀pá Alhaja dání," ni Abdulkabir wí. "Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀, máa tiro."

Ràhámátù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Inú ọkọ̀ bàbá wọn ni wọ́n wà, níwájú ilé ìdánwò kan ní Òkè-Ìlẹ́wọ́, l'Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ràhámátù fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tó ti ń kàwé fún láti ọdún tó kọjá, àsìkò sì ti ń lọ. Wọ́n ti tètè gbéra ní Ìtọ̀kú tí wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n tírélà kan tí táyà rẹ̀ bẹ́ ní Ìsàlẹ̀-Ìgbéìn ti dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Inú ọgbà ilé ìdánwò náà ti kún. Abdulkabir ì bá gbé ọkọ̀ sí etí títì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Òpó irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kan pátákó méjì mọ́. Ti òkè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe páàkì síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ti ìsàlẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe páàkì síbẹ̀ rárá. Ọfà tí wọ́n yà sí i lára sì kọjú sí ọ̀tún, ó kọjú sí òsì. Àwọn ará àdúgbò ti bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mú ọkọ̀ jiyàn títí lórí pátákó méjèèjì, kò sì yé ẹnikẹ́ni di báyìí. Abdulkabir fúnra rẹ̀ ti san owó ìtanràn ní Ìbarà lóṣù tó kọjá nítorí pátákó kan tí ewé igi bò mọ́lẹ̀. Bàbá wọn ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́.

Ààyè kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ọgbà náà, lẹ́bàá ẹnu-ọ̀nà gan-an. Wọ́n fi ọ̀dà búlúù ya àwòrán ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà sí ilẹ̀ ibẹ̀.

"Àwọn tí kò lè rìn ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún, Bọ̀dá mi," ni Ràhámátù wí.

"Ṣé o rí ẹnì kankan níbẹ̀ ni? Àbí o fẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ẹ síta? Ààyè tó ṣófo ni. Kò pa ẹnikẹ́ni lára."

Ọ̀pá ìyá bàbá wọn, Alhaja Àlímátù, wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n máa ń fi í sí nítorí ọjọ́ tí ìyá náà bá fẹ́ jáde. Ràhámátù wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu-ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú un.

Ọlọ́dẹ tó wà ní géètì, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣéhù, ti fẹ́ dá wọn padà kí Abdulkabir tó yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àbúrò mi ni. Kò lè rìn dáadáa."

Bàbá Ṣéhù bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀. Ó rí Ràhámátù, ó rí ọ̀pá láàárín orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé kóònù tí wọ́n fi dí ààyè náà kúrò.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni ó wí bí Ràhámátù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Ọlọ́run á fún ẹ lálàáfíà."

"Àmín, Bàbá," ni Ràhámátù dáhùn. Ó gbé ara lé ọ̀pá, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé ọ̀tún. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wò ó, àwọn ènìyàn sì ń yà fún un.

Obìnrin kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ìyáàfin Fọlákẹ́mi, alábòójútó ilé ìdánwò náà. Ó ti ń retí akẹ́kọ̀ọ́ kan.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kò lè gun àtẹ̀gùn?" ni ó bi í.

Ràhámátù kò retí ìbéèrè yìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn ìdánwò wà. Bí ó bá ní òun kọ́, wọn yóò bi í pé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́.

"Èmi ni, mà," ni ó wí.

Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Ìyáàfin Fọlákẹ́mi kò sì wo orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀. Ó mú un lọ sí yàrá kékeré kan nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti to kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń retí, ó fa àga fún un, ó sì ní kó rọra jókòó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus dé, tòun ti Tẹjúmádé, ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ Tẹjúmádé kò ti gbé e, orí àga onítáyà ló ń jókòó lọ síbi gbogbo. Òun àti Ràhámátù jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan náà ní Ìbarà, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọra wọn dáadáa.

Bàbá Ṣéhù sọ fún ọkùnrin náà pé wọ́n ti gba ààyè àwọn tí kò lè rìn.

"Ọmọdébìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn ló gbà á, sà."

"Kò burú," ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus wí. "Òun náà nílò rẹ̀."

Ó gbé ọkọ̀ padà sí etí títì. Ó ka pátákó ti òkè, ó rántí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ń gbé àga ọmọ rẹ̀ jáde láti inú búùtù lọ́wọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mú ọkọ̀ dé. Pátákó ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n nawọ́ sí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé ọmọ òun wọlé. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú ìwé ọkọ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fi irin de táyà. Nígbà tí Bàbá Ṣéhù sáré wá bá wọn gbé àga náà kọjá gọ́tà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé ìdánwò. Bàbá Ṣéhù kan ilẹ̀kùn náà títí tí Ìyáàfin Fọlákẹ́mi fi ṣí i.

Ràhámátù gbọ́ ohùn lẹ́nu yàrá rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ìyáàfin Fọlákẹ́mi ló ṣílẹ̀kùn, Tẹjúmádé sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga, òógùn bò ó lójú.

"Ẹnì kan ni wọ́n sọ fún mi pé kò lè gun àtẹ̀gùn," ni Ìyáàfin Fọlákẹ́mi ń wí, "ẹni yẹn sì ti wà níbí. N kò mọ bí tìrẹ ṣe jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, o ti pẹ́. Òfin kò gbà wá láyè láti fún ẹni tó pẹ́ ní àsìkò mìíràn, àfi tó bá jẹ́ pé àwa la jẹ̀bi."

Ràhámátù ni Tẹjúmádé ń wò.

"Ràhámátù? Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

Ràhámátù fa ọ̀pá náà mọ́ra. "Mo... mo ṣubú ni."

"Pẹ̀lẹ́," ni Tẹjúmádé wí. "Nígbà wo? Pẹ̀lẹ́, jàre. Má jẹ́ kó wú o."

Wọ́n tì í jáde, ilẹ̀kùn sì padé.

Ràhámátù ṣe ìdánwò náà. Ó mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bi í, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ ìdáhùn lọ létòlétò. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tó kà ní àkàtúnkà tí kò mọ ohun tó kà. Ó ti gbọ́ ohun tí alábòójútó sọ: àfi tó bá jẹ́ pé àwa la jẹ̀bi. Ìjókòó Tẹjúmádé ni òun jókòó sí, ilé ìdánwò ló gbé e fún òun. Òun nìkan ló sì mọ̀.

Nígbà tí ó jáde, Abdulkabir ti ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Tẹjúmádé wà ní abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ wọn lọ, bàbá rẹ̀ sì ti tẹ̀ lé wọn lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ìyáàfin Fọlákẹ́mi ti pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ẹni tó pẹ́ ti pẹ́. Tẹjúmádé kàn ń dúró kí bàbá rẹ̀ padà wá gbé e lọ sílé ni.

"Wọlé ká máa lọ," ni Abdulkabir wí. Ó ti rí ibi tí ojú àbúrò rẹ̀ wà. "Ràhámátù, má bá mi bẹ̀rẹ̀ nǹkankan. O ti ṣe tìẹ tán. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè fagi lé gbogbo ohun tí o ṣe. Kò sì sí ẹni tó bi ẹ́."

"Ó kí mi pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá mi."

"Kí ni ìyẹn wá jẹ́?"

Ràhámátù gbé ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́, ó yí padà, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn gbọnrangandan la ọgbà náà kọjá. Bàbá Ṣéhù rí i. Àwọn tó ti yà fún un láàárọ̀ rí i. Ó kọjá níwájú Tẹjúmádé, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó wọlé tọ Ìyáàfin Fọlákẹ́mi lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni ẹni tí wọ́n ní kò lè gun àtẹ̀gùn. Òun ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi. A fẹ́ rí ibi tí a ó páàkì sí ni."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?" ni obìnrin náà bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"N kò ní lè bò ẹ́ láṣìírí o. Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí fún wọn."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

Ìyáàfin Fọlákẹ́mi tún gbé fóònù. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n gbà kí Tẹjúmádé ṣe ìdánwò rẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀, nítorí pé ilé ìdánwò ló gbé ìjókòó rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá Ṣéhù kò bá Ràhámátù wí. Ó kàn gbé kóònù rẹ̀ padà sí ojú ààyè náà nígbà tí Abdulkabir gbé ọkọ̀ kúrò, kò sì kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ilé ìdánwò náà bu owó ìtanràn lé Abdulkabir. Nígbà tí bàbá wọn gbọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Alhaja Àlímátù ni kò pariwo. Ó ní kí Ràhámátù jókòó ti òun.

"Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń fi ọ̀pá rìn, ojú máa ń tì mí láti jáde sí gbangba. Ìwọ wá fi í ṣe ohun tí wọ́n fi ń wọ géètì."

Wọ́n dá èsì ìdánwò Ràhámátù dúró. Wọ́n pè é, wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀, ó sọ òótọ́. Nígbà tí wọ́n wá fi èsì náà sílẹ̀, ó gba máàkì tó dára, ṣùgbọ́n yunifásítì tó yàn ti parí gbígba akẹ́kọ̀ọ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ pa aṣọ láró ní Ìtọ̀kú, ó sì ń gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹjúmádé wà lára àwọn tó ń lọ. Kí ó tó lọ, Ràhámátù wá a lọ sílé wọn ní Àgọ́-Ọ̀kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ni Ràhámátù wí, ó sì kúnlẹ̀. "Èmi ni mo mú ọ̀pá lọ́jọ́ yẹn. Mo wá bẹ̀ yín."

"Dìde," ni ọkùnrin náà wí. "Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀. Ó wà nínú ilé."

Tẹjúmádé ń ká aṣọ sínú báàgì. Ràhámátù bẹ̀ ẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò di ẹ̀bi ru ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tẹjúmádé gbọ́ ọ tán.

"Mo ti gbà," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé ká ní o ò sọ̀rọ̀, n kì bá máa lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ohun tó dùn mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé ṣé eegun rẹ̀ kò yẹ̀, pé ṣé o ti lọ sí ọsibítù."

Ràhámátù sunkún.

"Wọ́n ní ààyè yẹn ṣófo ni. Èmi náà rò pé ó ṣófo."

"Kò ṣófo," ni Tẹjúmádé wí. "Èmi ni mi ò tíì dé."

Ohun tí Ràhámátù kọ́ nìyẹn, kò sì kọ́ ọ nínú ìwé. Ohun tí a bá yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò lè ṣe bí àwa ti ń ṣe, kì í ṣe ohun tí kò ní olóhun nítorí pé olóhun rẹ̀ kò sí nítòsí. Ẹni tó bá fi irọ́ jókòó sí i ti lé ẹnì kan dìde, bí kò tilẹ̀ rí ojú ẹni náà.